Olóògbé Ọmọ́bọ́lá Juliana Ọládòṣù (1951–2018), Ẹni Tó Jí Ẹgbẹ́ Eré Ajá Blackley Dìde

Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ti bí ìyá wa, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951. Baba wọn ni Olóyè Ṣàngótúndé, ọdẹ tí ajá mẹ́rin máa ń ṣíwájú wọn wọ igbó. Ìyá wọn ni Ìyáàfin Mùtíátù, tó ń hun ẹní. Ìlú náà ni màmá ti ka ìwé mẹ́fà, kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Abẹ́òkúta.

Ní 1975, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fúnṣọ́ Ọládòṣù. Wọ́n bá ọkọ wọn wá sí Manchester ní 1988, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Blackley. Bàbá jáde láyé ní 1999. Ọdún méjìlélógún gbáko ni màmá fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù ní Crumpsall, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011.

Ohun tó kàn yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kà dáadáa, nítorí pé wọ́n ti kọ ọ́ lọ́nà òdì níbòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Norman, aládùúgbò wa, ló dá Ẹgbẹ́ Eré Ajá Blackley sílẹ̀ ní 1984, fún àwọn ajá greyhound àti irú wọn, tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń lépa ẹran, kì í ṣe imú. Wọn kì í lé ẹran kankan níbẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń so mọ́ okùn, tí ẹ̀rọ ń fà á yí pápá ká, tí ajá ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Norman ní 2004, ẹgbẹ́ tú ká. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin de fífi ajá dọdẹ ehoro, ẹni tó ni pápá ní ìtòsí Swinton sì ti ẹnubodè pa, ó rò pé ehoro ni wọ́n ń lé.

Màmá ló ń mú ajá Norman rìn láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Kí Norman tó kú ní 2006, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé pákó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lé màmá lọ́wọ́. Ó ní, “Juliana, ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Má jẹ́ kó dípẹtà.”

Ẹni tó ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ rí kò bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń fa okùn. Màmá tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi epo sí i. Wọ́n lọ bá ẹni tó ni pápá, wọ́n gbé ọ̀rá funfun kan sórí tábìlì rẹ̀: “Ehoro tí à ń lé nìyí, sà.” Ó ṣí ẹnubodè. Ní oṣù karùn-ún 2008, ajá márùn-ún sáré. Nígbà tó di 2013, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta.

Àwọn kan ní ìjọ ń sọ pé opó onígbàgbọ́ kan ń bá ajá òyìnbó sáré kiri. Màmá dá wọn lóhùn pé, “Sátidé ni ajá ń sáré. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn ìjọ fún yín.” Òótọ́ ni; díákónẹ́sì ni wọ́n títí dọ́jọ́ ikú.

Nígbà tí nǹkan dùn tán ni àwọn alákòóso tuntun dé. Ní 2014, wọ́n tẹ ìwé ọgbọ̀n ọdún ẹgbẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan” ló jí i dìde. Wọ́n gé màmá kúrò nínú àwòrán. Ajá Norman ló kù, àti ọwọ́ tó di okùn rẹ̀ mú. Adéolú ọmọ wọn bá màmá lọ sí ìpàdé. Akọ̀wé ní, “Àyè ni kò tó, Ma.” Màmá ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀: “Ojú ìwé méjì ni ẹ fi polówó oúnjẹ ajá.” Síbẹ̀, màmá ò kọ pápá sílẹ̀. Wọ́n ní ajá kò ṣẹ àwọn.

Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún yìí. Àwọn alákòóso fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára káàdì pé: “Fún Juliana, tó máa ń po tíì fún wa.” Ìyá wa kò po tíì fún ẹnikẹ́ni ní pápá yẹn rí. Màmá fúnra wọn kì í mu tíì. A dá òdòdó náà padà.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Adéolú, Títílọpẹ́ àti Bùnmi, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Ìtẹ́olúwa jẹ́ àgbà wọn, àbúrò màmá, Bọ̀wálé, ní Ìmẹ̀kọ, àti ajá méjì.

A kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ òótọ́, tí wọ́n sì wá síbí lónìí. Kí wọ́n mú ìwé yìí lọ sí ìpàdé wọn, kí wọ́n kà á sókè.

Ìyá wa, kí ilẹ̀ tó gbà yín rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn re.