Ọkọ̀ Àdúrà Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Aláìsàn

Ilé Olóògbé Ọlọ́rundáre,
Òdìkejì Odò,
Mahintedo.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 1998.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Àwọn Ìjọ Etí Omi,
Ode Ugbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa nínú Olúwa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ORIN MÉJÌ NÍNÚ ỌKỌ̀ KAN

Èmi ni Moríkẹ́ Ọlọ́rundáre, opó tí àìsàn ẹsẹ̀ dè mọ́lé láti ìgbà Kérésì. Ẹ̀yin lẹ fún Ìjọ Ìdáǹdè àti Ìjọ Òkè Ìyè ní ọkọ̀ kan, kí wọ́n lè jùmọ̀ máa bẹ àwa aláìsàn tó wà lódìkejì odò wò. A dúpẹ́. Ọkọ̀ náà dára. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni mo ní ẹ̀sùn sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ń bọ̀ wá gbàdúrà fún mi. Iná àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì ń jó lójú òkun tọ̀sán tòru, síbẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ìjọ kò rí bẹntiróòlù mu, ni wọ́n bá gbé àjẹ̀.

Ọmọ omi lẹ̀yin náà. Ẹ mọ̀ pé orin la fi ń wa ọkọ̀. Bí orin bá ṣe ń lọ ni àjẹ̀ ń wọ omi. Pásítọ̀ Olówòkéré ti Ìdáǹdè dá orin inú ìwé níwájú, jẹ́jẹ́. Wòlíì Kọ́lájọ ti Òkè Ìyè dá tirẹ̀ lẹ́yìn, kíákíá. Àwọn ará Ìdáǹdè jókòó sí ọ̀tún, wọ́n ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ará Òkè Ìyè wà lósì, wọ́n ń wà á wàràwàrà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí-bírí lójú kan. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi, mo kọ́kọ́ rò pé ara ìsìn ni.

Nígbà tí mo rí i pé ẹnì kankan kò ní dákẹ́ fún ẹnì kejì, tí omi sì ń gbé wọn lọ sọ́nà òkun, mo fi ìdí wọ́ dé inú ọkọ̀ kékeré mi, mo sì wà á lọ bá wọn. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ọwọ́ mi kò ṣàìsàn. Mo ní kí gbogbo wọn panu mọ́, kí wọ́n máa wo àjẹ̀ mi. Báyìí ni aláìsàn ṣe sin àwọn tó wá gbàdúrà fún un padà dé èbúté wọn. Kò sẹ́ni tó rántí àdúrà. Wòlíì tilẹ̀ ní òun ti rí i pé ara mi ti yá.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ń dúró kí èkejì tọrọ àforíjì, mo sì gbọ́ pé kálukú fẹ́ kọ̀wé sí yín láti gba ọkọ̀ náà. Ẹ dákun, ẹ má fún ẹnì kankan, ẹ má sì pín in. Ọkọ̀ tí a bá là sí méjì, ẹja ni yóò máa jọ́sìn nínú rẹ̀.

Ẹ pàṣẹ kí wọ́n jókòó ní àdàlù, kí orin jẹ́ ti Ìdáǹdè ní àlọ, kí ó jẹ́ ti Òkè Ìyè ní àbọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwàdà mi tàn yín jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. N kò tíì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láti ìgbà Kérésì, ilé sì dákẹ́ jù. Mo mọ̀ pé bí mo bá kú, ìjọ méjèèjì yóò wá, orin wọn yóò sì ṣọ̀kan, nítorí a kì í jà lójú òkú. Ṣùgbọ́n n kò ní lè gbè é mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá nísinsìnyí tí mo ṣì ní ohùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Èmi ni tiyín lódìkejì odò,
Moríkẹ́ Ọlọ́rundáre (Ìyáàfin),
Ọmọ Ìjọ Ìdáǹdè, opó ọmọ Ìjọ Òkè Ìyè.