Òkúta Aláwọ̀ Oyin

Liepāja,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Èrèlé.

Sanita, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Elza kékeré. Mo lérò pé òtútù ilẹ̀ Áíláńdì kò le tó tiwa, àti pé ara gbogbo yín yá. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Èmi ni mo ka lẹ́tà rẹ sí ìyá rẹ létí ní ilé ìwòsàn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. O ní, "Màmá, ọmọ etí òkun wo ló ń fi nǹkan tútù tó ṣà sápò? Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Tí wọ́n bá ti dá yín sílẹ̀, ilé àwọn arúgbó lẹ ń lọ, mo sì máa ta ilé yẹn." Ìyá rẹ kàn yíjú sí ògiri.

O mọ̀ pé ó ti lé lógún ọdún tí èmi, ìyá rẹ àti Velga ti ń rìn létí òkun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ìgbà òtútù. A kì í kánjú. A ó gbé tíì gbígbóná, búrẹ́dì dúdú àti ẹja yíyan dání, a ó máa wolẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò lẹ́yìn. Bí ìjì bá jà tán, òkun a máa gbé òkúta aláwọ̀ oyin, tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, sórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ohun inú bọ́m̀bù tí àwọn ológun dà sókun láyé ogun náà ń bá a jáde, àwọ̀ kan náà ni wọ́n sì ní. Bí ó bá tutù, kò ní í ṣe nǹkan. Bí ó bá gbẹ, iná ni. Ìdí nìyẹn tí kálukú wa fi ń gbé agolo dání. Ohun tí a bá ṣà kì í wọ àpò.

Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ rí ọ̀kan tó tó àtàǹpàkò. Ó ní ọrùn Elza ni òun yóò so ó mọ́. Ìka rẹ̀ ti gan, ọmọrí agolo kò ṣí. Ebi ń pa mí, mo sì fẹ́ kí a tètè dé ilé Velga. Mo fi í ṣẹ̀sín. Mo ní, "Biruta, òkúta oyin gidi lèyí. Ojú mi ti mọ̀ ọ́n kí ọkọ ẹ tó máa yọjú sílé yín. Àbí ẹ̀rù òkúta ló ń bà ẹ́?" Ó ní, "Austra, fi mí sílẹ̀ jàre, jẹ́ n ṣí agolo mi." Mo gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi jù ú sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Velga ti ṣíwájú, kò rí wa.

Ẹ̀gbẹ́ ààrò Velga la jókòó sí. A kò tíì mu ife kejì tán tí èéfín funfun fi yọ lára ìyá rẹ. A da omi sí i. Iná náà kú, ó tún ràn. Velga fi aṣọ tútù dì í. Èmi dúró, mo ń pariwo. Itan rẹ̀ jó, àti ọwọ́ méjèèjì tó fi ń bọ́ ẹ̀wù. Dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n yóò máa tiro.

Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun lòun fi í sápò. Ó mú mi búra pé n kò ní sọ. Ó ní, "Sanita ò ní dárí jì ẹ́ láéláé. Èmi, á dárí jì mí, ìyá ẹ̀ ni mí." Kò mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Sanita, orí ìyá rẹ pé. Tèmi ni kò pé lọ́jọ́ náà. Èmi ni kí o bínú sí. Má ta ilé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn léṣe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tó gbé ọ lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ,
Austra.

Àfikún: Lánàá, ìyá rẹ bi mí bóyá a ó ṣì jọ máa rìn létí òkun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jinná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá gbọ́ pé mo ti da ìbúra, kò ní bá mi rìn mọ́. Síbẹ̀, sọ fún un, kí ó lè mọ̀ pé o ti mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.