Ogójì Ọjọ́, Èmi àti Jandáámù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta 2025

Ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ Ornella! Mo bọ́ ọmọ síhòòhò, mo yẹ etí, mo yẹ ìdodo, mo yẹ ẹnu — kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Ẹnu Jandáámù ló ti wá. Ológbò ilé ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Jandáámù, bí ọlọ́pàá, torí òun ló ń ṣọ́ àgbàdo nínú ìyàrá tí mo ń sùn sí. Èrìgì ẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ti rù. Kò jẹun láti àná.

Màmá, ìyá ọkọ mi, gbọ́ igbe mi. Ó wo aṣọ náà. Ó ní àìsàn ológbò fẹ́ wọ ọmọ òun lára, tó bá di Àbámẹ́ta, ọkùnrin Ita-Djèbou yẹn á wá gbé e. Ọkùnrin yẹn ń jẹ ológbò. Gbogbo Yoko níbí mọ̀.

Ọjọ́rú, 5

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tí mo bímọ. Nínú ìjọ tiwa, obìnrin tó bímọ ò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́. Màmá fi tiẹ̀ kún un: mi ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Ojú fèrèsé ni mo wà. Mo ti mọ gbogbo ewúrẹ́ tó ń kọjá.

Eyínfúnjowó (àbúrò ọkọ mi obìnrin ni, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀) ní dókítà ẹran ń bọ̀ láti Sakété lọ́la, á wá gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Dókítà wá. Léandre lorúkọ ẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jandáámù, ó kán an sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, ìlà méjì yọ. Ó mi orí. Lẹkóòsì, bí wọ́n ṣe ń pè é ní faransé nìyẹn. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ológbò. Itọ́ ni wọ́n fi ń kó o ran ara wọn, níbi abọ́ kan náà, níbi ìjà.

Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ bi í. Ó ní kì í ran èèyàn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, lójú Màmá.

Oògùn tó ń lé e lọ ò sí. Kò sí níbì kankan. Ọ̀kan wà lókè òkun tó ń ran ara lọ́wọ́, òun ò tíì rí i ní Benin, kì í sì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn. Ohun tó kù: abẹ́rẹ́ fún egbò ẹnu àti ibà, ẹja rírọ̀, abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jáde mọ́. Ó lè lo ọdún kan, ó lè lo méjì. Tí kò bá wá lè jẹun mọ́ rárá, abẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ wà.

Ó gún un ní abẹ́rẹ́ egbò ẹnu.

Eyínfúnjowó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, o ti rí ẹnìkejì. Òun náà ń ṣe ogójì ọjọ́."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Tèmi ní òpin.

Ẹtì, 7

Ó jẹ ẹja. Díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8

Ọkùnrin Ita-Djèbou dé pẹ̀lú àpò. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi ẹ̀yìn tì í, ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Bàbá Ornella ti dé láti ibi iṣẹ́ epo ní Pobè. Ó ní kí n jẹ́ kí Màmá ṣe bó ṣe fẹ́, ilé Màmá ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní ibòmíì.

Mo wá gbọ́ Màmá níta: "Máa lọ ná. Dókítà ní kò ran ọmọ." Ó kan ìlẹ̀kùn. "Ṣé ológbò lo bí fún wa ni, àbí ọmọ? Ṣílẹ̀kùn jàre."

Ẹja ló mú dání. Ó ti yọ eegun ẹ̀.

Ajé, 10

Jandáámù jẹ abọ́ kan tán. Ó gun orí àpò àgbàdo.

Ọjọ́rú, 12

Àárọ̀ yìí Màmá gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní dókítà ti ṣe tiẹ̀, kí òun náà ṣe tòun. Omi àdúrà ló fi wẹ̀ ẹ́, ó da lọ́fíńdà tá a fi ń gbàdúrà sí i, odidi ìgò. Ó ń kọrin sí i létí bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo rí i. Ara mi ò gbà á. Ṣé ìyàwó á sọ fún ìyá ọkọ pé kó má gbàdúrà?

Ológbò kì í jẹ́ kí ara ẹ̀ tutù. Ó lá gbogbo lọ́fíńdà náà tán.

Ìfófó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ báyìí. Ó ń gbọ̀n, kò lè dìde. Tẹlifóònù dókítà ò wọlé. Màmá jókòó sílẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo lọ dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Màmá rí mi. Kò ní kí n padà. Èmi ni ẹsẹ̀ mi ò gbé.

Mo máa ya ojú ewé yìí. Eyínfúnjowó á gun ọ̀kadà zẹ́mì mú un wá bá yín ní Sakété.

Dókítà Léandre, ẹ jọ̀ọ́. Ó ṣì ń mí. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má bá Màmá wí, èmi ni mo rí i tí mo dákẹ́. Zẹ́mì tó gbé ìwé yìí wá, ẹ gun ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ má dúró jẹun. Ẹ wá báyìí. Ẹ wá.