Lábísí, Ọ̀rọ̀ Tí Írésà Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ọdún mẹ́ta rèé, Lábísí. Òjò àkọ́rọ̀ tún ti rọ̀ sórí páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́ẹ̀kẹta, o ò sì sí níbẹ̀ láti sáré kó àwọn ìwé kúrò níbi tó ń jò. Kò sí ìwé níbẹ̀ mọ́ pàápàá. Ẹni tó ń ta ọ̀dà ilé ló gba ibẹ̀. Ó ti kun ògiri, ó sì ti yọ pátákó tí o kọ ọ́ sí pé, "Ìwé Ọmọ Títọ́, A Ti Dín Owó Rẹ̀ Kù."

Tiwátọ́pẹ́, ọmọ rẹ kan ṣoṣo tí o ń pè ní Tọ́pẹ́, ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàtà rẹ ti ń bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ipò kejì ló mú ní kíláàsì rẹ̀. Olúgbádé, ọkọ rẹ tó jẹ́ tíṣà, ti parí kànga ẹ̀yìnkùlé tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Omi inú rẹ̀ mọ́. Àwa ará ilé rẹ ń kọ́kọ́ sọ èyí fún ọ nítorí pé ìyókù tí a fẹ́ sọ kò dára.

Ìwé tí èèpo rẹ̀ ti tẹ, tí àwọn ará Ìbàdàn kò lè tà ní iye owó rẹ̀ mọ́, ni o máa ń kó wá, páálí kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọmọ, ohun tí à ń ṣe bí ìbànújẹ́ bá dé ọkàn rẹ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. O ń tà wọ́n ní ẹ̀dínwó fún àwọn tíṣà, fún àwọn aránṣọ, fún àwọn ìyá tó wá láti Upenmen. O ń kó wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìfọ̀n lọ́jọ́ ọjà. Olúgbádé á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá tó ti bí mẹ́fà, ìwé wo ló tún fẹ́ kọ́ ọ lọ́mọ títọ́?" Ìwọ náà á dá a lóhùn: "Tíṣà, ẹyọ kan péré ni ẹ bí, ẹ ò sì tíì mọ ìgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín la fi í ṣe nígbà náà!

Lọ́jọ́ tí a sin ọ́, Tiwátọ́pẹ́ ké ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí i létí pé, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í pariwo nínú ilé Ọlọ́run." Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù nìyẹn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Àmọ́ ọmọ náà gbé ẹkún rẹ̀ mì, kò sì sunkún lójú bàbá rẹ̀ mọ́ títí dòní. "Ẹ káàárọ̀, sà." "Mo ti jẹun, sà." Ọ̀rọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí Olúgbádé ń wá láti ọjọ́ náà ni kí ọmọ yìí bá òun sọ̀rọ̀ bí ó ṣe máa ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó pé ọdún kan, onílé ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù òun. Olúgbádé kó páálí mọ́kànlá wálé, ó ní òun máa ta ìwé inú wọn ní ìdajì owó. Ó ṣí ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi pẹ́ńsù kọ wà lára ìwé, lókè, nísàlẹ̀, létí ojú ewé. Ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni. Kò lè kà á, Lábísí. Bí ojú rẹ̀ bá ti kan ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, omi á bo ojú náà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni, iye tí o fẹ́ tà á, orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá rà á.

Ìwọ náà mọ ọkọ rẹ. Ẹni tó ṣọ́ yàrá ìkàwé ilé ìwé fún ọdún méjìdínlógún! Láyé tirẹ̀, ẹni tó bá kọ nǹkan sára ìwé, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà títí agogo á fi lù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyàwó tíṣà ń ta ìwé tó dọ̀tí. Ló bá ra írésà mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń pa á rẹ́, ewé kan tẹ̀lé èkejì, jẹ́jẹ́, kí ìwé má baà ya. Tiwátọ́pẹ́ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àwọn èérún dúdú tó ń já bọ́ jọ. Lọ́jọ́ kejì, ó la ẹnu.

"Dádì, ti Mọ̀mí ni."

Inú Olúgbádé dùn pé ó sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ti Mọ̀mí ni gbogbo rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tún un ṣe nìyẹn."

Ọmọ náà wò ó, ó sì tún ń gbá èérún jọ. Ha, Lábísí! Ó ti fẹ́ sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó pàtẹ ìwé náà síwájú ilé ni Muslimat dé, oníbàárà rẹ tó ń ránṣọ ní àárín ìlú. Ó gbé ọ̀kan, ó ṣí i, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé òmíràn.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Èyí tí ọ̀rọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́ wà lára rẹ̀ ni mo fẹ́ rà fún àbúrò mi."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ṣé èmi wá gbọ́ òyìnbó yìí ni? Tiwọn ni mò ń kà. Òun ni mo fi tọ́ Abdulfatai ọmọ mi."

Olúgbádé ní òun máa tún dín owó rẹ̀ kù. Muslimat mi orí. "Bí ẹ tiẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, sà, kí ni kí n kà nínú ẹ̀?"

Ó sáré lọ gbé tirẹ̀ wá, èyí tí o tà fún un nígbà ayé rẹ. Olúgbádé kà á nídùúró nínú oòrùn. Ojú ewé tó sọ nípa ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Tọ́pẹ́ mi náà máa ń dákẹ́ báyìí. N kì í bi í léèrè. Mo máa ń jókòó tì í, mo ń ṣe iṣẹ́ mi lọ. Bó bá ti sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n gbọ́ ọ tán."

Láti ọjọ́ náà ni Olúgbádé náà ti ń jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó ń jókòó tì í, kò bi í ní nǹkan kan. Ọmọ náà á dìde, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà," á sì wọlé. Ó lé lọ́dún kan tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó dúró gbọ́, ó ti wá, ó ti lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, Tiwátọ́pẹ́ bẹ Abigail, ẹ̀gbọ́n rẹ, pé kó mú òun lọ sí Uso, kí òun máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Olúgbádé gbà. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, agolo mílíìkì kan já bọ́, ìdérí rẹ̀ ṣí. Èérún írésà ló kún inú rẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Olúgbádé bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú agolo, ó dé e.

"Ó dàbọ̀, sà."

Ọ̀kadà ti ń dúró.

Páálí mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹnikẹ́ni kì í rà wọ́n mọ́, bó ti wù kí a dín owó wọn kù tó. Nígbà mìíràn, Olúgbádé á gbé ìwé kan sí ojú fèrèsé, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún. Ibi tí o ti tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ ṣì hàn. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀.

Lábísí, a kò ní irọ́ tí a fẹ́ fi tù ọ́ nínú. A kò rò pé ọmọ náà máa padà wálé. À ń wá ọ nínú ilé yìí. Bílẹ̀ bá mọ́, à ń wá ọ. Bí òjò bá ṣú, à ń wá ọ. Ọkọ rẹ nífẹ̀ẹ́ rẹ, gbogbo wa nífẹ̀ẹ́ rẹ, a kò sì tíì rí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọmọ tán bíi tìrẹ.

Olúgbádé ló mú abala ìwé tí a fi kọ èyí wá. Ó kó gbogbo pẹ́ńsù kúrò lórí tábìlì. Bírò ni a fi kọ ọ́.