Ẹnu-Ọ̀nà Tí A Dí Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Sàrátù

Ẹ̀yìn Ilé Ìjọsìn,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Gbénga ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ Tóbilọ́ba lẹ́nu ti lọ? Ní ti àwa níbí, ẹ̀mí wa wà, a sì dúpẹ́. Ara ìyá rẹ yá. Ara tèmi náà kò burú, àmọ́ oorun kò fi bẹ́ẹ̀ wá, o sì mọ̀ pé èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìjọ yín fẹ́ fi ọ́ ṣe díákónì, o sì bi mí bí mo ṣe ń rí ọgbọ́n Ọlọ́run gbà láti ọdún méjìlélógún tí mo ti wà nípò náà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí etí mi kì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́, ìdajì ni màá sì gbàgbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí láti oṣù kẹfà sí oṣù tó kọjá ni màá fi dá ọ lóhùn.

O rántí ẹnu-ọ̀nà kékeré tó wà lára ògiri ẹ̀yìn ọgbà ìjọ wa, èyí tí àwọn ará ìsàlẹ̀ máa ń gbà wọlé, tí wọ́n á gba inú ọgbà kọjá sí òdìkejì. Àwọn ewúrẹ́ pẹ̀lú ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń jẹ òdòdó tí ẹgbẹ́ obìnrin gbìn. Ní ìpàdé ìjọ oṣù kẹfà, Bàbá Rìnsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, dá a lábàá pé kí a fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Kó tó jókòó tán, mo ti dìde pé mo kín in lẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí òdòdó. Olè ni mo ń rò, mo ń ro ejò, mo sì ń ro ọmọ ọlọ́mọ tó lè ṣubú nínú ọgbà wa kí wọ́n pè wá lẹ́jọ́. A nawọ́ sókè, àbá náà sì wọlé. Moṣọpẹ́, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, wà lára àwọn mẹ́rin tí kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé a ti bi àwọn tó ń gba ibẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé ọgbà ìjọ kì í ṣe títì.

Ẹ̀gbọ́n Sàrátù ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti ọdún tó kọjá ni òun àti àwọn arúgbó bíi tirẹ̀ ti ń lọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ áfà kan ní òdìkejì ọgbà wa. Ó ní òun kò fẹ́ kú láìlè ka nǹkan kan. Ọ̀nà inú ọgbà wa tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á. Ọ̀nà kejì gba orí òkè. Nígbà tí a dí ògiri, ó gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì jókòó sílé.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọgbọ́n lọ́wọ́ Ọlọ́run ní àràárọ̀. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ sì bínú nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Nígbàkúùgbà tí mo bá dìde lórí orúnkún, ohun kan náà ló ń wá sí mi lọ́kàn: lọ sọ fún ìjọ pé o ṣàṣìṣe. Mo máa ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, èrò ara mi ni. Màá tún kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹjọ, Moṣọpẹ́ wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ òfin wa. Èmi tí n kò fara mọ́ àbá yẹn, n kò lè gbé e padà wá. Àfi ẹni tó nawọ́ sí i. Mo ti bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n kọ̀. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹrin." Mo ní mo ṣì ń wá ojú Olúwa. Ó ní, "Ẹ kú àdúrà, Bàbá," ó sì lọ. Inú bí mi gan-an. Ọmọ tí ìkómọjáde rẹ̀ ṣojú mi!

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n Sàrátù. Wàláà, pátákó tó fi ń kọ́ kéwú, wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ní, "Mátíù, wọ́n ní o ń gbààwẹ̀ nítorí mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọgbọ́n ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní, "Kò tíì dá ọ lóhùn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí Ó ti dá ọ lóhùn, o wá ń bẹ̀ Ẹ́ kó mú òmíràn wá? Bí o ṣe máa ń ṣe ìyá ẹ nìyẹn tó bá bu ẹran fún ẹ. Lọ jẹun, jàre."

Ní ìpàdé oṣù kẹsàn-án, mo dìde. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ká ìwé náà sínú àpò. Mo ní ẹ̀rù ló mú mi kín àbá yẹn lẹ́yìn, kì í ṣe ọgbọ́n, mo tọrọ àforíjì, kí a jọ̀ọ́ tún un yẹ̀ wò. Ẹnì kan bèèrè bóyá iṣẹ́ díákónì ti di kí ó máa la ọ̀nà ilé-kéwú. Mo ní n kò gba ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbà gbọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ti ń tọ ọ̀nà yẹn kí a tó mọ ògiri síbẹ̀. Mo ní ọgbọ́n Olúwa tí mo mọ̀ jẹ́ ti àlàáfíà, kò lè ní kí arúgbó ṣubú lórí òkè nítorí òdòdó. Moṣọpẹ́ kín mi lẹ́yìn. Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ̀. A fi géètì onírin síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, èmi ni màá máa ṣí i ní aago méje, tí màá sì tì í ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ewúrẹ́ bá wọlé, èmi ni wọn yóò bi. Bàbá Rìnsọ́lá kò tíì yà sílé wa láti ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí.

Gbénga, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìdáhùn ti dé. Gbogbo ọjọ́ tó kù, ojú ló ń tì mí, mo wá ń pè é ní dídúró de Ọlọ́run. Bí o bá di díákónì, máa bèèrè ọgbọ́n, Ọlọ́run kì í fi du ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tí o gbọ́ bá jẹ́ pé kí o lọ tọrọ àforíjì, má tún padà lọ bèèrè. Dìde, kí o lọ.

Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣí géètì, Ẹ̀gbọ́n Sàrátù ló kọ́kọ́ dé. Ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, "Ó ti fún jù." Mo bi í léèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní èyí tí òun ti kọ́ ti lọ lórí òun láàárín oṣù mẹ́ta tí òun fi jókòó sílé, áfà ti dá òun padà sí álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́. Kò bínú sọ ọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń lọ kọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní etí tó ń gbọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń yá. Ipò náà kò ní pa ọ́ lára. Ilé rẹ yóò tòrò, àwọn ọmọ rẹ yóò sàn jù ọ́ lọ, ìwọ náà yóò sì sàn jù mí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ,
Mátíù Adégbìtẹ́.

Mo tún rántí: Ìyá rẹ ní kí o kọ ọjọ́ ìfinijoyè díákónì náà ránṣẹ́ lákòókò, kí òun lè wá fìlà fún mi. Kí o sì bá mi wo sílíńdà gáàsì yín dáadáa. Mo gbọ́ pé ti ẹnì kan jò ní Ilé-Ogbó, n kò sì lè yéé ronú nípa tiyín.