Àwọn Àpótí Tó Ń Purọ́ Mọ́ Oko Ata Mi

Hidayat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Bí o ṣe jí l'Ékòó, kí lááfíà jí pẹ̀lú rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí méjì. Kí ìkíni dúró síbẹ̀ ná, nítorí inú ń bí mi.

Àpótí kéékèèké mẹ́fà tí o rì sóko ata wa ní Òkè-Oyì yìí, o ní wọn á máa wo bóyá ilẹ̀ gbẹ, wọn á máa bára wọn sọ̀rọ̀, kálukú á sì máa ṣí omi sí ebè tirẹ̀ tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. O tún ní bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra wọn tó ni bátìrì wọn á ṣe máa tètè tán. Ta ni yóò wá tú ọmọ ìyá kan náà ká sínú oko kí wọ́n máa fi ariwo pe ara wọn? Mo hú márùn-ún, mo nu ara wọn, mo sì rì wọ́n síbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, kí wọ́n wà pa pọ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ àdúà lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ìkẹfà sọnù sínú koríko lábẹ́ igi máńgòrò, mo bá fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò ṣí omi mọ́. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ata tí mo ti ṣèlérí fún Alájà Màríámù ní ọjà Ìpàta ti ń wọ́wé. Mo pè ọ́, o wo fóònù rẹ, o ní oko wa tutù rinrin, pé omi ibẹ̀ tiẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù. Hidayat, inú eruku ni mo dúró sí. Ìwọ tó wà l'Ékòó ń bá mi jiyàn lórí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn, pé kí o gba àpótí gbọ́ ju bàbá rẹ lọ?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ebè abẹ́ máńgòrò nìkan ló ń rómi mu, òun nìkan ni ata rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn tí mo tọ́jú bí ọmọ ń purọ́, èyí tí mo pa tì sínú koríko ló ń ṣiṣẹ́. Ní Jímọ́ọ̀, bí a bá ti kírun tán, màá hú òun náà wá sáàárín wọn, kó lè kọ́ wọn níwà.

Fi owó korobá mẹ́rin ránṣẹ́, kí n máa fọwọ́ ara mi bomi rin ata. Má fi gba inú fóònù o, fún Sufyan tó ń wá sílé láti Èkó kó mú un bọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ rẹ, kó má sì jẹ́ kó febi pa wá. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlkàdírì