Ìyá Méjì Tí Ẹ̀rọ Sọ Di Ẹyọ Kan

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé o sì ń jẹun, torí ìyá rẹ ní bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ, ńṣe lo máa ń ṣe bí ẹni tó sùn. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́.

Ọ̀gá ti rí ìwé tí o fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì buwọ́ lù ú. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ, torí èmi ni mo mú ọ wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí.

Ìyá àgbà tí wọ́n fún ní oògùn ẹlòmíràn náà ti lajú. Ó tilẹ̀ ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣe asọ̀ nítorí tíì tí kò gbóná.

A ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O sọ fún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn pé bí orúkọ bá dọ́gba, tí ọjọ́ ìbí sì dọ́gba, ẹnì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, ẹ̀rọ wa kò sì gbà kí akọ̀wé fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ni akọ̀wé bá ń kọ ọjọ́ kan náà, ọdún kan náà, fún gbogbo wọn. Bí ìyá méjì tí orúkọ wọn bára mu ṣe di ẹyọ kan nìyẹn, tí wọ́n fi fún ọ̀kan ní oògùn èkejì.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúwàbí. Àbọ̀ tí o bá sọ fún un, àbọ̀ náà ni yóò ṣe, tọkàntọkàn. Ìmọ̀ tí o lọ kọ́ nílé ìwé kò ju ká mọ bí a ṣe ń sọ odidi ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò lè fi òye kún un. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi í wọ inú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á.

Ọmọbìnrin ìyá àgbà náà wá sí ọ́fíìsì. Ó dúró láàárín àwọn tábìlì wa, ó ní, "Èwo nínú yín ló kọ ọ́?" Inú bí i, ó sì tọ́ kó bí i. Onígíláàsì, akẹgbẹ́ wa tó ka iṣẹ́ rẹ, dìde, ó ní, "Èmi ni mo kà á, tí mo ní ó dára." Ọ̀gá náà dìde. Kò pẹ́, gbogbo wa la wà lórí ìdúró. Obìnrin náà wò wá títí, ó ní, "Ẹ ṣáà tún un ṣe, kó má baà ṣe ìyá ẹlòmíì bẹ́ẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, tìrẹ náà sì ṣe mí.

Mo ti kọ àtúnṣe rẹ̀. Bí ẹni méjì bá jọra, ẹ̀rọ kò ní dà wọ́n pọ̀ mọ́. Á ní kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní báyìí tí àtúnṣe náà kò tíì wọ inú ẹ̀rọ, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fẹnu bi àwọn aláìsàn ẹni tí wọ́n jẹ́.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú. Kó fún ọ ní ọkàn tó ń bẹ̀rù àṣìṣe, ṣùgbọ́n tí kì í sá fún iṣẹ́. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ níbi iṣẹ́, tí tábìlì wa fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́.

Àfikún: Onígíláàsì fẹ́ bá mi ka àtúnṣe náà, mo ní rárá. Kò sí ẹni tí yóò wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ bíi rẹ. Àtúnṣe náà kò ní wọ inú ẹ̀rọ títí ojú rẹ yóò fi kàn án. Ó sì ti ń rẹ àwọn nọ́ọ̀sì. Jọ̀wọ́, wá kà á.